Ìlà Tí Kò Fara Kan Òbírí

Kí atẹ̀wé tó wọ pálọ̀ ilé ara rẹ̀ lọ́sàn-án, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Òun ló kọ́ ilé náà, òun ló ra ilẹ̀kùn ọ̀hún, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bí kò bá kàn án, ìyàwó rẹ̀ yóò lé e jáde.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi wo? Ṣé 'èmi' ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé yín?"

"Mo mú iṣẹ́ mi wá, mà."

"Wọlé. Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó tẹ ilẹ̀ mi."

Á nu ẹsẹ̀, á wọlé, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì títí tíṣà yóò fi ní kó jókòó. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, á dúró ṣánṣán, á káwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin náà á wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi í pé níbo ló fi yunifọ́ọ̀mù sí.

Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ti ṣe díẹ̀ tí kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ṣì mọ̀ pé tíṣà ìṣirò lòun. Ó sì rí i pé ẹni tó dúró níwájú òun mú pépà àti rúlà dání. Ẹni tó bá mú pépà àti rúlà dání níwájú tíṣà, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́?

Ìṣirò ìlà àti òbírí ni wọ́n jọ ń ṣe. Òbírí ni ohun róbótó tí kọ́ńpáàsì máa ń yà. Lórí pépà gíráàfù, èèyàn á fa ìlà kan ní ìbú, á pè é ní èkísì. Á fa òmíràn ní òòró, á pè é ní wáì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni òdo. Láti ibẹ̀, nọ́ńbà méjì péré ti tó láti sọ ibi tí ohunkóhun wà: bó ṣe jìnnà tó sọ́tùn-ún tàbí sósì, àti bó ṣe jìnnà tó sókè tàbí sísàlẹ̀. Òbírí ní àárín tirẹ̀, ìlà ní ọ̀nà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ibi tí wọ́n ti máa pàdé, bí wọ́n bá máa pàdé rárá.

Ìjàǹbá kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí àárín òbírí bá wà lọ́tùn-ún, àmì ìyọkúrò ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá wà lósì, àmì àròpọ̀ ni. Ojú máa ń rí ọ̀kan, òótọ́ á sì jẹ́ ìkejì. Ibẹ̀ gan-an ni atẹ̀wé ti máa ń ṣubú. Bó bá ti rí èkísì yọ mẹ́ta, òsì ló máa gbà lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," tíṣà á fi bírò pupa gbá etí pépà, "ṣé ẹ̀yìn lo kọ orí sí wá síléèwé lónìí ni? Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Èkísì yọ mẹ́ta, mà."

"Àárín wá wà níbo?"

"Lósì, mà."

"Lósì ilé ta? Ohun tó máa sọ gbogbo ẹ̀ di òdo là ń wá. Kí ni màá yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀ tí kò ní ku nǹkan kan?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ṣé mẹ́ta yẹn ní àmì kankan lórí?"

"Kò ní, mà."

"Ó wà lọ́wọ́ wo?"

"Ọ̀tún, mà."

"Ẹ̀hẹ́n! Ó ti wá yé ọ. Gbé e lọ, kí o lọ tún un ṣe. Ọ̀lẹ."

Á fi bírò pupa dá ìlà sórí àṣìṣe náà, á sì kọ ohun tó máa ń kọ fún un sí ìsàlẹ̀ pépà: *Ó kù díẹ̀ káàtó.* Ní ìwọ̀nba ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá fi wà lórí pépà yẹn, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ kedere, ẹnu rẹ̀ á mú bíi ti àtijọ́, atẹ̀wé á sì rí ìyàwó rẹ̀ lójúkojú.

Nítorí ìyẹn ló ṣe ń ṣi í ṣe. Ó mọ ibi tí àárín wà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀.

Àṣìṣe àmì yẹn ló mú wọn pàdé. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó ń fi lẹ́tà òjé to ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, iléèwé kan gbé ìbéèrè ìdánwò wá. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, tíṣà ọ̀dọ́bìnrin kan já wọ inú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan, ó na pépà náà sókè.

"Ta ló to èyí?"

"Èmi ni, àǹtí."

"N kì í ṣe àǹtí rẹ. Wo ibí. Ìyọkúrò ni mo kọ, àròpọ̀ lo tò. O ti gbé òbírí mi lọ sí òdìkejì ayé. Kò sí ìlà tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ títí tí gbogbo kíláàsì mi á fi fìdí rẹmi!"

Ọ̀gá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu inkì ọwọ́ rẹ̀ sára épúrọ́ọ̀nù, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, ẹ kọ́ mi, kí n má baà tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó jókòó. Ó kọ́ ọ. Ó ń fi ìbínú kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dìde títí ọ̀gá fi ní àwọn fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Aláṣìtẹ̀, ìyẹn sì ni orúkọ tó ń pè é nígbà tó gbà láti fẹ́ ẹ, nígbà tó bímọ, àti nígbà tí wọ́n jọ sin ìyá ọkùnrin náà. Ó máa ń yìn ín fún ọ̀pọ̀ nǹkan, fún sùúrù rẹ̀, fún bó ṣe ń lọ aṣọ, fún bí kì í purọ́. Ní ti ìṣirò, kò yìn ín rí. Ọkùnrin náà á ṣe é láìní àṣìṣe, á gbé e dé iwájú rẹ̀, obìnrin náà á wá ibì kan tí rúlà ti yẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó, Aláṣìtẹ̀," àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Àìsàn ìgbàgbé náà kò wọlé tariwotariwo. Ó kọ́kọ́ mú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀nà ọjà, lẹ́yìn náà ó dá obìnrin náà dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ kọ. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá ohun tó ti lọ padà. Ó ní kí wọ́n máa fi ohun tó mọ̀ dá a lárayá. Lọ́jọ́ tó bi atẹ̀wé pé, "Jọ̀ọ́, ta lo wá wò nílé yìí?" ọkùnrin náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró díẹ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú pépà gíráàfù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn tó jìnnà ló sì ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun mú ìyá òun lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ á ní òun ti gbọ́, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá jáde nílé nígbà tí bàbá wà ní balùwẹ̀, tó jẹ́ pé mẹkáníìkì kan ló rí i láàárín títì níbi tó ti ń fọwọ́ dá àwọn ọkọ̀ dúró, tó ní kí wọ́n tò sórí ìlà, ọmọ kò tún pe fóònù mọ́. Ó wá fúnra rẹ̀.

Kíṣìnì ni wọ́n ti sọ ọ́, bàbá ń fọ abọ́, ọmọ ń nù ún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ ò lè dá a ṣe mọ́."

"Ta ló ní mò ń dá a ṣe? Àwa méjì là ń ṣe é."

"Bàbá."

"Ó ṣì wà níbẹ̀, o ò rí i ni. Bí mo bá ṣi ìṣirò ṣe, kò sí èyí tí kì í mú. Ó ń bú mi bó ṣe ń bú mi tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ yín pé kí wọ́n máa bú yín."

Ó fẹ́ fi mú bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìṣirò kọ́ ló máa mú wọn kúrò láàárín títì," ọmọ náà ní.

"Ta ni ìyá rẹ, bí a bá mú ìṣirò kúrò? Wá sọ ọ́ fún mi."

Ọmọ náà nu abọ́ kan náà títí ó fi gbẹ táútáú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn nọ́ọ̀sì ló fi sọ ọ́. "Ó dáa. Màá jókòó tì yín lọ́sàn-án. Bí Màmá bá mú àṣìṣe yín, màá wá ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú yín níbí, mi ò sì ní dá ọ̀rọ̀ ilé yẹn sílẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá mú un, Bàbá, ẹ ó jẹ́ kí n mú wọn lọ."

"Mo gbà."

Ó tètè gbà á, nítorí bó bá rò ó ni, kò ní gbà. Ohun kan wà tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, bírò pupa ti ń pẹ́ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí tíṣà á wo àṣìṣe náà, á wò ó kọjá, atẹ̀wé á sì wúkọ́ jẹ́jẹ́. Bí ikọ́ kò bá tó, á fi ìka sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà bí ẹni tó ń na pépà. Nígbà náà ni tíṣà á tó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹn! Ìwọ ọmọ yìí!" Ó ń pe ìyẹn ní mímú. Níwájú ọmọ rẹ̀, ó pinnu pé òun kò ní wúkọ́, ìka òun kò sì ní kúrò lórí itan òun.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ lé orúnkún, ó ṣe ìbéèrè náà. Àárín òbírí wà ní mẹ́ta sọ́tùn-ún àti méjì sísàlẹ̀. Láti àárín dé etí jẹ́ márùn-ún. Ojú àmì kan wà létí òbírí náà, ní mẹ́fà sọ́tùn-ún àti méjì sókè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìlà tó kàn fara kan òbírí níbẹ̀, tí kò wọ inú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí kò nira. Láti àárín dé ojú àmì yẹn, èèyàn á rin mẹ́ta sọ́tùn-ún, á gun mẹ́rin sókè. Ìlà tó ń fara kan òbírí sì gbọ́dọ̀ dúró sí ìyẹn bí òpó ṣe ń dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí náà bó bá rin mẹ́rin sọ́tùn-ún, mẹ́ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá ṣi í ṣe. Ó mú àmì bí ojú ṣe rí i, ó gbé àárín lọ sí mẹ́ta sósì àti méjì sókè, ó fi kọ́ńpáàsì yà á. Láti ibẹ̀ dé ojú àmì náà, kò gun òkè, kò sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìlà rẹ̀ wá di èyí tó nàró gbọọrọ bí férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tó yà á tán, ó gbé pépà náà jìnnà sí ojú. Òbírí dá dúró lápá òsì. Ìlà dá dúró lápá ọ̀tún. Àlàfo ńlá wà láàárín wọn. Ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé á rí i pé wọn kò kan ara wọn. Ìdí tó fi mú ìbéèrè yìí nìyẹn. Kò fẹ́ àṣìṣe tó fara pamọ́. Èyí tí ojú lásán lè mú ló fẹ́.

Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Mo mú iṣẹ́ mi wá."

"Wọlé. Ta ni ti ẹ̀yìn rẹ?"

"Wọ́n wá wo kíláàsì wa ni, mà."

"Ọ̀gá àwọn olùbẹ̀wò." Tíṣà tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tẹrí ba díẹ̀ fún ọmọ tó bí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ràn ariwo."

"Ẹ ṣeun, mà," ọmọ náà ní, ó sì jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Atẹ̀wé gbé pépà kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Tíṣà wo òbírí náà. Ó mú kọ́ńpáàsì, ó fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sínú ihò tí atẹ̀wé ti fi sílẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, pẹ́ńsù inú rẹ̀ sì tẹ̀ lé ojú ọ̀nà náà láìyẹ̀. "Òbírí rẹ yí dáadáa," ó ní. Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá sí etí òbírí, ó fi tọ ọ́ yí ká. Nígbà tí ìka náà dé ibi tó súnmọ́ ìlà jù, ó fò sọdá. Ó sọdá àlàfo náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó bọ́ sórí ìlà, ó sì ń bá a lọ sókè jẹ́jẹ́ títí ó fi dé etí pépà.

Ọ̀fun ọkùnrin náà ń yún un. Kò wúkọ́. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìbínú yóò ti jáde.

Bírò pupa sọ̀ kalẹ̀. Kò dá ìlà sórí ohunkóhun. Ó fa máàkì, ó fà á tóbi, láti ìsàlẹ̀ òbírí dé òkè ìlà, ó sì kọ *Ó dára* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀wé tíṣà, tó dúró dáadáa.

"Ó dára gan-an, ọmọ mi," ó ní. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti ń sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé ìwọ yìí máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní o ò lórí ìṣirò. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tó ti ń to lẹ́tà òjé.

"Ẹ ṣeun, mà," ó ní. Kò dìde. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ìlà yìí fara kan òbírí yẹn?"

Tíṣà wo pépà náà. Ó wo atẹ̀wé. Ó tún wo pépà. Ohun kan ń bọ̀ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun mọ̀. Ó wo apá ibi tí olùbẹ̀wò jókòó sí, ó sì tètè mójú kúrò.

"Ó kàn án, mà," ni ọkùnrin tí kì í purọ́ wí. "Mo ti rí i báyìí. Ó kàn án. Ẹ má dá mi lóhùn."

Èjìká obìnrin náà wálẹ̀. "O rí i? Máa fi ojú sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé kíṣìnì, ọmọ ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. Omi ti bo ojú rẹ̀.

"Bàbá, ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Àlejò tí wọ́n rí ló dà wọ́n láàmú. Ẹ jẹ́ á tún un ṣe lọ́la."

"Rárá."

"Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kí ó rí báyìí ni? Gbogbo bí mo ṣe jókòó, mò ń sọ lọ́kàn mi pé, Màmá, ẹ mú un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un. Ẹ jẹ́ á gbà pé mi ò wà níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan."

"Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ ìṣirò?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bi ọ́."

"Ọ̀dọ̀ Màmá."

"Ìlà yẹn, ṣé ó kan òbírí?"

"Kò kàn án."

"Kò kàn án," bàbá rẹ̀ ní. "Lọ jókòó tì í. Èmi ni màá di ẹrù rẹ̀, mo mọ ohun tó ń wọ̀."

Ó di í bó ṣe ń to ojú ìwé, kò sí èyí tó wọ́. Ó kó aṣọ òtútù sísàlẹ̀, ó kó aṣọ ilé sókè, ó fi bàtà méjì sínú ọ̀rá. Nígbà tó dé orí gíláàsì tó fi ń kàwé, ó rí i pé ó dọ̀tí, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ó sì ń nù ún nìṣó lẹ́yìn tó ti mọ́. Ilé tí wọ́n ń mú un lọ kì í gba ẹni tí ara rẹ̀ dá láti sùn mọ́jú. Wọ́n gba àlejò láyè, ọmọ sì ti ṣèlérí pé òun yóò máa wá mú bàbá òun lọ wò ó. Ó mọ̀ pé yóò mú ìlérí náà ṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ mú ìyá jáde, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ara rẹ̀ yá. Wọ́n ti sọ fún un pé iléèwé mìíràn ló ní kó wá, ó sì ti wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ gbé e jókòó sínú ọkọ̀, ó fa bẹ́líìtì rékọjá àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún. Ojú wọn súnmọ́ ara wọn gan-an. Obìnrin náà yíjú sí ọmọ tó wà nídìí ọkọ̀.

"Ta ni bàbá yìí?"

Bàbá ló dáhùn.

"Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni mí, mà."

"Háà. O dàgbà." Ó wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o yege?"

"Mo yege, mà."

"O káre. Ibo lo wá ń lọ báyìí?"

Bí àwọn tíṣà ṣe máa ń bi àwọn tó bá parí iléèwé ló ṣe bi í, pẹ̀lú ìdùnnú, ó sì ń dúró de èsì. Ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ilé lẹ́yìn rẹ̀.

"N kò tíì mọ̀, mà," ó ní.

Ọmọ rẹ̀ ṣíná sí ọkọ̀.